Ẹkùn tó ń bá ọmọ rìn ti gba ìtàn mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ẹ gbà mí o!

Ìyá_Ìbejì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ ìtàn kan fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mọ́kànlá. Orí mẹ́fà ti wà nílẹ̀, ibẹ̀ ló sì há sí mi lọ́fun. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀ní ni olórí ìtàn. Ìjì kan jà wọ ilé wọn lóru, ó gbé ohùn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ. Ọmọ yẹn ń la ẹnu, ohùn ò jáde. Ni Àbẹ̀ní bá gbéra, ó fẹ́ lọ gba ohùn náà bọ̀ nínú Igbó Ìdákẹ́. Ẹkùn dúdú kan ló ń bá a rìn. Ẹkùn yìí ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, ó ń fò, ó mọ gbogbo ọ̀nà inú igbó, kò sì sí iwin tó lè dúró níwájú rẹ̀.

Lálẹ́ àná mo ka orí kẹrin sí àwọn ìbejì mi létí. Táyé ti sùn lọ. Kẹ́hìndé gbọ́ ọ dópin, ó wá ní: "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹkùn yẹn ò kúkú dá lọ? Kí ló fẹ́ fi Àbẹ̀ní ṣe?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Láti àná ni mo ti ń wo ìwé yìí bí ẹni tó wo obì tó yàn lódì. Ṣé kí n yọ ẹkùn náà kúrò ni?

Alákọ̀wé_Òru

Ọmọ yín ti ṣiṣẹ́ olóòtú, ẹ yáa wá owó rẹ̀ fún un.

Ẹ má yọ ẹranko, mà. Agbára ni kí ẹ bù kúrò lára rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí bí àwa tí a ń kọ irú ìtàn yìí ṣe máa ń sáré mú òbí kúrò lọ́nà: bàbá lọ sí ìrìn àjò, ìyá wà lórí àìsàn, ọmọ gba inú ihò kan bọ́ sí ayé mìíràn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń lé àgbà kúrò lọ́jà, kí orí ọmọ lè wọ́ díẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lé òbí jáde lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá gba ojú fèrèsé mú òbí mìíràn wọlé, ẹ da awọ ẹkùn bò ó.

Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Ẹ mú bébà, ẹ kọ orí kìíní dé ìkẹfà sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó *pinnu* ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ má kọ ẹni tó jà. Ẹni tó pinnu ni kí ẹ kọ.

Ìyá_Ìbejì

Mo ti kọ ọ́. Ẹkùn márùn-ún, Àbẹ̀ní ẹyọ kan.

Èyí tí Àbẹ̀ní pinnu ni pé kí wọ́n jókòó sinmi.

Alákọ̀wé_Òru

Háà.

Abíyẹ

Ẹ má bínú, èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lójú ẹni tó dá gbé ní kékeré. Mi ò ní àbúrò, mi ò ní ẹ̀gbọ́n, gbogbo ilé ló sì ga jù mí lọ. Nígbà tí mo bá ń ka ìtàn tí ẹranko ńlá kan ti gbé ọmọ sẹ́yìn, mi ò wá ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀, n kò sì fẹ́ dá ohunkóhun pinnu. Ẹ̀yìn yẹn ni mo ń wá. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tó lágbára wà tó jẹ́ tèmi nìkan, tí kò ní bi mí pé ṣé mo ti ṣiṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ẹ bá rẹ ẹkùn yẹn sílẹ̀ títí tó fi di ológbò, irú ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn yóò pa ìwé náà dé.

Gbogbo wa la kúndùn àti máa kọ́ ọmọ ní òmìnira. Ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé òmìnira ti sú u.

Alákọ̀wé_Òru

Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn. Mo gbà pé kí ẹranko náà lágbára. Bó ṣe lágbára *níbi gbogbo* ni mo ń bá jà.

Ọmọ_Ọdẹ

Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé àlọ́ kan wọ ibí. Púpọ̀ nínú wa la mọ àlọ́ ọdẹ tó ní ajá mẹ́ta, Òkéǹmọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì àti Ògbálẹ̀gbáràwé. Bí wọ́n ṣe pa á fún èmi, ọdẹ so àwọn ajá náà mọ́lẹ̀ nílé, ó wá kó sí wàhálà nínú igbó. Ó sá gun orí igi, àwọn ọ̀tá sì ń gé igi náà lọ lábẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin pe àwọn ajá rẹ̀ ní orúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wò ó. Kò sí ẹranko tó lágbára tó mẹ́ta yẹn. Èyí àkọ́kọ́ á gé ọ̀tá jálajàla, èkejì á gbé wọn mì, ẹ̀kẹta á gbálẹ̀, á gbá ràwé, ilẹ̀ á mọ́ tónítóní bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tí kálukú lè ṣe ti wà lára orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó bi bàbá mi pé "kí ló dé tí àwọn ajá ò kúkú dá lọ?" Ìdí ni pé agbára wà nílé, ewu wà lóko. Ohùn ọdẹ nìkan ló wà láàárín méjèèjì, àáké sì ń dún lábẹ́ igi.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìgbà tí èmi náà di àgbà ni mo tó rí i. Ta ló ń gbe orin yẹn? Àwa ọmọ tó jókòó sílẹ̀ ni. Àwa la ń pe ajá. Bí a ò bá gbè é dáadáa, lójú tiwa, ajá ò ní gbọ́. Mo rántí pé mo máa ń pariwo ju gbogbo wọn lọ nítorí mo rò pé ohùn mi ni ò ní jẹ́ kí ọdẹ náà kú.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Ọdẹ, orí mi wú. Ohùn ni ìjì gbé lọ nínú ìtàn tèmi! Bó bá jẹ́ pé àbúrò ló ni ẹranko náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ohùn àbúrò nìkan ni ẹranko náà ń jẹ́, tí kò sì sí ohùn mọ́?

Alákọ̀wé_Òru

Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lọ́wọ́ yín. Ìyẹn ni pé Àbẹ̀ní ń rìn pẹ̀lú ẹranko tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu, tí òun náà sì ń wá ohùn kan náà. Ẹ ti fún ẹranko ní ìdí tirẹ̀ láti wọ igbó. Ohun tí Kẹ́hìndé ń béèrè gan-an nìyẹn.

Dókítà_Ẹranko

Ẹran ni mò ń tọ́jú, mi ò kì í ṣe òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀.

Ẹkùn gan-an ni ìṣòro. Ẹranko tó máa ń dá gbé ni. Ó ń dá ọdẹ ṣe, ó ń wọ́ ẹran tó bá pa gun orí igi kí ẹlòmíràn má bàa bá a pín in. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó máa bá ọmọ ẹni ẹlẹ́ni rìn, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìdí, ìdí yẹn sì gbọ́dọ̀ lágbára. A kúkú lè sọ pé ìtàn ìyanu ni, ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ àwọn ọmọdé tó ń wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn wọn mọ ẹranko ju bí a ṣe rò lọ. Wọ́n á gbà pé ehoro ń sọ̀rọ̀, wọn ò ní gbà pé ehoro ò bẹ̀rù ajá.

Ṣé mo lè dábàá òkété?

Abíyẹ

Òkété kẹ̀? Ẹ gbé ọmọ kúrò lẹ́yìn ẹkùn, ẹ wá gbé e lé òkété lọ́wọ́?

Dókítà_Ẹranko

Ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀.

Òkété ò ríran dáadáa, pàápàá lójúmọmọ. Òru ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀! Àjọ kan wà tó ń jẹ́ APOPO, Tàǹsáníà ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ẹ̀yà òkété láti máa gbóòórùn bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Òkété á gbóòórùn èròjà bọ́ǹbù náà, á fi èékánná ha ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fún un ní oúnjẹ. Ara rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ǹbù ò fi ní bú tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó pápá tẹníìsì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni òkété kan fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èèyàn tó di ẹ̀rọ tó ń wá irin mú lè lo ọjọ́ mẹ́rin lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Magawa ṣiṣẹ́ ní Kàǹbódíà, ó wá ju ọgọ́rùn-ún bọ́ǹbù abẹ́lẹ̀ àti ohun abúgbàù mìíràn rí kó tó fẹ̀yìn tì ní 2021. Ní 2020, PDSA, ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú ẹranko ní Bìrìtéènì, fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà tí wọ́n máa ń fún ẹranko akọni. Òun ni eku àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2022, ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Nítorí náà, Abíyẹ, akọni ni. Akọni tó gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí yóò máa wo ọ̀nà fún un ni.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: òkété ní àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ó lè kó nǹkan síbẹ̀ rẹpẹtẹ, kó máa gbé e kiri, ẹ ò sì ní mọ ohun tó wà níbẹ̀ títí tí yóò fi dé ihò rẹ̀ tí yóò tú u sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Àpò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dókítà, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fún mi.

Dókítà_Ẹranko

Mo fura. Ẹ má sọ fún wa.

Ọmọ_Ọdẹ

Níwọ̀n ìgbà tí Dókítà ti mú òkété wá, ẹ jẹ́ kí n mú ẹyẹ kan tì í. Ẹyẹ kékeré kan wà ní Áfíríkà tó máa ń fi ibi tí oyin wà han èèyàn. Á fò síwájú, á ké, á dúró dè ọ́, á tún fò. Ẹyẹ náà mọ ibi tí afárá wà, ṣùgbọ́n kò lè la igi, kò sì lè kojú oyin tó ń ta. Èèyàn ní àáké àti èéfín, kò mọ ibi tí oyin wà. Èèyàn á kó oyin, ẹyẹ á jẹ ìda. Kò sí ẹni tó ṣe ẹnì kejì lóore níbẹ̀, àǹfààní ni wọ́n ń pín.

Àwọn Yao ní Mòsáḿbíìkì ní igbe kan tí wọ́n fi ń pè é, ó dà bíi "brrr-hm". Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé bí wọ́n bá ké igbe yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹyẹ darí wọn ní ìgbà 66 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ariwo mìíràn ni wọ́n pa, nǹkan bíi 33 péré ni. Ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọ ti ń kọ́ igbe yẹn.

Mo mú un wá nítorí pé ọ̀pọ̀ ìtàn ń fi ẹranko ṣe ìránṣẹ́. Ẹranko náà fẹ́ràn ọmọ, ó parí. Kí ló fẹ́ fún ara rẹ̀? Bí mo bá ka ojú ewé ogún tí mi ò tíì mọ̀ ọ́n, mo ti mọ̀ pé òǹkọ̀wé náà ò mọ̀ ọ́n.

Ọlọ́dún14

Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo ṣì ń ka irú ìwé yìí, mi ò kàn ń jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí i.

Ohun méjì ló máa ń mú mi fo ojú ewé. Àkọ́kọ́ ni ìjà tí mo ti mọ̀ pé ẹranko ló máa borí. Mo máa ń ṣí i síwájú títí mo fi rí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Èkejì ni ẹranko aláwàdà. Ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á wà lẹ́nu ikú, ọ̀bọ á máa pa àwàdà. Ó dà bí bùrọ̀dá tó ń fẹ́ kí a mọ̀ pé òun náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Alákọ̀wé_Òru

Ẹlòmíràn nínú wa ni bùrọ̀dá yẹn o, rọra.

Tíṣà_Kíláàsì4

Ọlọ́dún14, o káre. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni mo ti fẹ́ béèrè: ṣé òkété yìí yóò máa sọ̀rọ̀? Mo máa ń ka ìtàn sókè fún kíláàsì mi lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, mo sì ti rí i pé bí ẹranko bá ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ bí èèyàn, kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ á fi gbàgbé pé ẹranko ni. Wọ́n á máa yà á ní àwòrán pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

Ìyá_Ìbejì

Mo ti ń rò ó, mà. Ó wù mí kó máa sọ̀rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ á jẹ́ ti imú. Kò ní sọ pé "irọ́ lò ń pa". Á ní "ọ̀rọ̀ yẹn ń rùn bí omi àná". Kò ní sọ pé ilẹ̀ ti ń ṣú, á ní òórùn ewé ti yí padà. Àbẹ̀ní gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń túmọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn á sì túmọ̀ rẹ̀ sódì.

Tíṣà_Kíláàsì4

Ẹ jẹ́ kí ó túmọ̀ rẹ̀ sódì ní ibi tó máa dùn wọ́n o, kó má jẹ́ ibi ẹ̀rín nìkan.

Abíyẹ

Ó dáa, mo ti ń fẹ́ràn òkété yìí díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ béèrè kí ọkàn mi tó wọ̀ ọ́ jù: ṣé ẹ máa pa á?

Ìyá_Ìbejì

Mi ò tíì mọ̀. Nínú ìlànà tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, ẹkùn náà kú ní orí kẹwàá.

Abíyẹ

Mo mọ̀! Gbogbo yín ni. Bí ẹranko bá ti dára jù, kí n máa múra ẹkún sílẹ̀. Ìwà ọ̀lẹ ni. Òǹkọ̀wé ò mọ bí yóò ṣe mú ọmọ dàgbà, ó pa ajá rẹ̀.

Tíṣà_Kíláàsì4

Kì í ṣe gbogbo ìgbà, Abíyẹ. Mo ka ọ̀kan rí fún kíláàsì mi tí ajá inú rẹ̀ kú. Ọmọkùnrin kan di etí, kò gbọ́ ìyókù, ó sì bá mi yodì di ọjọ́ kejì. Ọmọbìnrin kan tó jókòó nítòsí rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tí kíláàsì tú, ó ní kí n tún ibẹ̀ gan-an kà fún òun. Ìyá rẹ̀ àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, kò sì sí ẹni tó bá a sọ ọ́ nílé. Ta ni nínú àwọn ọmọ méjèèjì ni kí n kọ ìtàn fún?

Ọ̀nà mìíràn wà láti pínyà láìsí ikú. Ní 1906, Selma Lagerlöf, ará Swídìn, gbé apá kìíní ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nils jáde. Àwọn olùkọ́ ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, wọ́n fẹ́ ìwé tí wọ́n á fi kọ́ ọmọ nípa ilẹ̀ wọn. Nils ń fìyà jẹ ẹranko. Ó ṣẹ iwin kan, iwin sì sọ ọ́ di ènìyàn bíńtín, ló bá gun ẹ̀yìn pẹ́pẹ́yẹ ńlá kan, ó sì bá agbo pẹ́pẹ́yẹ igbó rin gbogbo ilẹ̀ náà já. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni ìparí rẹ̀. Ó padà di ọmọ gidi, bàbá àti ìyá rẹ̀ rí i, ayọ̀ kún ilé. Ó lọ dágbére fún àwọn ẹyẹ náà létí òkun, wọ́n ń ké, kò sì gbọ́ èdè wọn mọ́. Kò sí ẹni tó kú. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo ní láti dúró mu omi.

Ẹ wo bí ó ṣe bá ti yín mu. Bí àbúrò bá gba ohùn rẹ̀ padà, tí òkété sì gbọ́ ọ...

Ìyá_Ìbejì

...á sáré lọ bá olówó rẹ̀. Á fi Àbẹ̀ní sílẹ̀.

Tíṣà_Kíláàsì4

Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.

Abíyẹ

Èyí burú ju ikú lọ! Ẹ̀yin èèyàn yìí!

(Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa rà á.)

Ìyá_Ìbejì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti da orí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nù, mo tún ti kọ ọ̀kan. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

*Òkété náà kì í ṣe ti Àbẹ̀ní. Kò fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá. Ní òru tí ìjì wọlé, abẹ́ ibùsùn àbúrò ló wà, òun nìkan ló sì rí ohun tí ìjì gbé. Kò rí i pẹ̀lú ojú, nítorí ojú rẹ̀ ò tó nǹkan. Imú ló fi rí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí gbogbo ilé ń sunkún, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ rọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀ wú. Àbẹ̀ní pè é. Kò yíjú. Àbẹ̀ní pè é lẹ́ẹ̀kejì. Òkété dìde, ó kọrí sínú igbó láìwo ẹ̀yìn, ó sì kọ lu òpó.*

*"Òpó nìyẹn," Àbẹ̀ní wí.*

*"Mo mọ̀," òkété dá a lóhùn. "Ó ń rùn bí òpó."*

Mo kà á fún wọn lálẹ́ àná. Táyé ò sùn. Ó rẹ́rìn-ín níbi òpó, ó ní kí n tún un kà. Kẹ́hìndé ò rẹ́rìn-ín. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní: "Mọ́mì, kí ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún?"

Mo ní kó lọ sùn.

Ọlọ́dún14

Òpó yẹn dáa. Kì í ṣe àwàdà bùrọ̀dá.

Abíyẹ

Èmi ò ní sùn ní tèmi. Kí ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún?